Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ẹran Ìṣínu

Àlejò kan gbàgbé ìwé sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí Mùyìbátù ń tún ṣe ní Verona. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ ni, ní èdè Italian: wọ́n pa ọkùnrin kan ní oko àgùntàn, láàárín aṣálẹ̀ Australia. Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e padà sí Padova ló ti ń kà á, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Oòrùn oṣù keje kì í wọ̀ bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, á fò ó. Òkú ṣáà yé e.

Gbogbo ará oko inú ìwé náà ló gbà pé àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló pààyàn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò bá wọn jiyàn. Ipa ẹsẹ̀ inú yanrìn ló ń wò.

Nílé Mùyìbátù, olè ń jí ẹran ìṣínu. Ọkọ rẹ̀, Sàláúdéènì, tó ń ṣe wáàsí ààwẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá bá pàdé nínú bọ́ọ̀sì, ti dájọ́.

"Jídé ni. Òun nìkan ni kì í gbààwẹ̀ nínú ilé yìí. Kó kó ẹrù ẹ̀ jáde lọ́la."

Jídé ni ayálégbé wọn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní ibòmíì tó máa sùn.

"Àǹtí, mi ò jẹ ẹ́," ló wí. "Ẹran yín tiẹ̀ le jù."

Ó wọ yàrá lọ di ẹrù.

Mùyìbátù bu láfún, ó jọ̀ ọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ kíṣìnnì tó funfun. Ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ìrun Alásárì tó, Sàláúdéènì ṣe àlùwàlá, ó yà sí kíṣìnnì, ó ní òun fẹ́ ti fèrèsé. Ó dé, ó dúró níwájú. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn. Bó ṣe forí kanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí i. Láfún ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tútù náà, díẹ̀ ló kù kó di ọkà.

Wọ́n kírun tán.

"Ọkọ mi, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín."

Ó wò ó.

"Mo kàn tọ́ ọ wò ni, bóyá iyọ̀ ẹ̀ pé."

"Lójoojúmọ́?"

"Iyọ̀ ẹ kì í dọ́gba."

"Ẹ lọ sọ fún Jídé kó tú ẹrù ẹ̀."

Ó lọ, ó sọ fún un. Jídé wo ẹsẹ̀ Sàláúdéènì tó ṣì funfun.

"Bùrọ̀dá, ẹran yẹn le, àbí kò le?"

"Ó le."

Nígbà tó padà dé, Mùyìbátù ti ń kàwé.

"Ta ló wá pa ọkùnrin inú ìwé ọ̀hún?" ló bi í.

"Mi ò tíì kà débẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá oko ni mo ń ṣọ́ báyìí."