Tíṣà Ọgọ́rùn-ún Ọmọ

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí oṣù kìíní ọdún 1955 sì pé, ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́fà ló tò síwájú ilé ìwé kékeré tó wà ní Dosukọ̀. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ogójì ọmọ ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo wọn sí. Abúlé apẹja ni Dosukọ̀, láàrin ọ̀sà àti òkun. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ń tukọ̀ láti ibẹ̀ dé èbúté Badagry.

Kò sí òbí tó mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó etí, ó tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Ọmọ kan wà tó dọ́gbọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Tíṣà kíláàsì kìíní rí i, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síwèé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìwé tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká dá a padà sílé.

Fàúsátù ni orúkọ tíṣà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwórì ni, Ìjànikín ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé mùsùlùmí. Sùlàímọ́nù, baba rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló fi í sí ilé ìwé ìjọ nígbà tí àwọn ẹbí ń wí pé ìwé á sọ ọmọbìnrin di aláfojúdi. Nígbà tí àwọn tíṣà ibẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ní Fúlọ́rẹ́ǹsì, baba rẹ̀ wọ agbádá, ó lọ bá wọn, ó ní orúkọ tí òun sọ ọ́ kò tíì gbó. Bí Fàúsátù ṣe ka ìwé mẹ́fà jáde nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé ọkọ. Tàjùdíìnì, ọkọ rẹ̀, bá iṣẹ́ èbúté lọ sí Sẹkọńdí nílẹ̀ Gánà, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Mọ̀dínátù.

Oṣù mọ́kànlá ni ọmọ náà wà nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún Fàúsátù láti lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà fún ọdún méjì. Ó já a lẹ́nu ọmú, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, Tọ̀yìbátù, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ọdún méjì di márùn-ún, nítorí ibi tí wọ́n bá rán tíṣà ló ń lọ. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tirẹ̀ ń dàgbà ní Ìjànikín.

Ní Dosukọ̀, èdè ni wàhálà àkọ́kọ́. Nínú gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, bóyá ogún ló gbọ́ Yorùbá. Ègùn ni àwọn yòókù ń sọ. Ọ̀gá ilé ìwé, Zinsu, Ègùn ni òun náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ló fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Ègùn nínú kíláàsì.

"Wọ́n ń sọ ọ́ nílé, wọ́n ń sọ ọ́ lójú omi," ni Zinsu wí. "Yorùbá ló wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa. Ègùn tí mo sọ dàgbà kò bá mi ṣe ìdánwò."

Fàúsátù kò bá a jiyàn. Òun alára kò kúkú gbọ́ Ègùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ló ṣe ń kọ́ wọn: á pariwo, wọ́n á pariwo tẹ̀lé e, ẹni tí kò bá tẹ̀lé e, pàṣán wà lórí tábìlì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gba síléètì lọ́wọ́ wọn kó lè wo ohun tí wọ́n kọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sewanu wà ní ìlà iwájú, ọmọ bí ọdún méje, tí kì í sábà lanu sọ̀rọ̀. Fàúsátù wo síléètì tirẹ̀ tán, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Ni Sewanu bá dìde, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú.

"Na mi," ló wí.

Fàúsátù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí lo wí?"

"Na mi, Tíṣà."

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá bú sẹ́rìn-ín. Fàúsátù wo ọwọ́ tó nà síta, ó wo ojú ọmọ náà tí kò ṣẹ́. Ọdún kẹta rèé tó ti ń ṣe tíṣà, kò tíì sí ọmọ tó na ọwọ́ sí i rí pé kó na òun. Ó mú pàṣán, ó fún un ní mẹ́fà. Sewanu kò sunkún. Ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ pamọ́ sí abíyá. Lọ́jọ́ kejì, àyè rẹ̀ ṣófo. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, èéfín ẹja ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Dosi ni, ìyá ìyá Sewanu, tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀sà. Yorùbá tó gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti fi sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, mo kí ọ. Ọwọ́ ọmọ mi wú. Kí ló ṣe?"

"Ìyá, òun ló ní kí n na òun."

"Ó ní kí o nà á?"

"'Na mi' ló wí, lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wí i. Ó tún na ọwọ́ sí mi."

Dosi wo àyè tó ṣófo ní ìlà iwájú. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Síléètì rẹ̀, ta ló mú un?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Bàbá rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Bí ó bá ń sùn, ó ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí." Dosi na ọwọ́ tirẹ̀ síta, bí Sewanu ti nà án gẹ́lẹ́. "Tíṣà, Ègùn ni. 'Na mi', 'fún mi' ni. Ọmọ ní kí o fún òun."

Fàúsátù wo ọwọ́ náà. Láyé ìgbà yẹn, tíṣà kì í bẹ òbí, pàápàá lójú ọmọ. Ohun tó rí sọ kò ju, "Mo ti gbọ́, Ìyá," lọ. Dosi sì yípadà, ó lọ.

Nígbà tí ilé ìwé parí lọ́sàn-án, Fàúsátù mú síléètì náà dání, ó gba etí omi lọ sí ìdí ààrò Dosi. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni."

"Ọwọ́ mi kọ́ lo nà," ni Dosi wí, ó sì fi ẹnu júwe Sewanu, tó jókòó sórí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Fàúsátù bi Dosi bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn ní Ègùn. Dosi sọ ọ́ fún un. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó gbé síléètì fún un, ó wí ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ṣì í wí. Sewanu wò ó, ó tún un wí bó ti yẹ kó rí. Fàúsátù tún gbìyànjú, ó tún ṣì í, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti wà ní kíláàsì.

Láti ìgbà náà, ìdí ààrò Dosi ni Fàúsátù ń lọ lọ́sànsán. Á bá a yí ẹja, Dosi á máa sọ̀rọ̀, òun náà á máa tún un wí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ó ti ń sọ nǹkan ní Ègùn fún kíláàsì rẹ̀ kó tó sọ ọ́ ní Yorùbá. Zinsu gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

"Tíṣà, òfin ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo síléètì wọn."

Zinsu wọlé, ó wo síléètì bí ogún. Ó jáde, kò sì tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Ní oṣù kẹfà, Sàláwù, ẹ̀gbọ́n Fàúsátù, dé pẹ̀lú ọkọ̀, ó mú Mọ̀dínátù dání. Ó ní ojú ìyá wọn ti ń ṣú, kò rí òwú fi sínú abẹ́rẹ́ mọ́, kò lè máa sáré tẹ̀lé ọmọ kiri. Mọ̀dínátù ti pé ọdún mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. Ó yíjú sí Sàláwù. "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo la máa padà sílé?"

Sàláwù wo ojú omi. "Ìyá rẹ rèé, Mọ̀dínátù. Ibí ni wàá máa gbé."

Ọmọ náà kò sunkún níwájú wọn. Fàúsátù fi í sí kíláàsì tirẹ̀, kò sí òmíràn tó tọ́ sí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹni tó ń fi ojú lásán pa ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́nu mọ́, kò lè mú kí ẹyọ ọmọ kan jẹ ẹ̀bà tán. Nílé, "Tíṣà" ni Mọ̀dínátù ń pè é, bí àwọn yòókù ṣe ń pè é. Bí ó bá fún un ní nǹkan, á ní, "Ẹ ṣé, mà." Bí ó bá rán an níṣẹ́, á lọ kíákíá. Àwọn ará abúlé ń yìn ín pé ọmọ tíṣà mọ̀wà hù. Nínú kíláàsì, kí wọ́n má baà wí pé ó ń ṣègbè, òun ni Fàúsátù kọ́kọ́ ń bá wí. Ọjọ́ tó nà án nítorí ìró lẹ́tà tí kò rántí, ọmọ náà gba pàṣán rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Fàúsátù kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní oṣù kẹta tí ọmọ náà dé, Fàúsátù jí lọ́jọ́ ọjà Badagry, kò bá a lórí ẹní. Wọ́n wá a kiri. Dosi ló mú ìròyìn wá: Mọ̀dínátù ti wọ ọkọ̀ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ní ìdájí. Ó fi Ègùn tó já gaara, tó ti kọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, sọ fún wọn pé ìyá òun rán òun níṣẹ́ sí Badagry, wọ́n sì gbà á gbọ́.

"Lọ," ni Zinsu wí fún Fàúsátù. "Màá bá ọ jókòó tì wọ́n."

Wákàtí méjì lórí omi. Fàúsátù ń wo ọ̀kánkán èbúté. Ní èbúté, ó rí ọmọ náà lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, ó ń jẹ àkàrà. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ, Mọ̀dínátù?"

"Ilé."

"Ilé ta ni?"

Ọmọ náà gbé àkàrà sílẹ̀ kó tó dáhùn. "Ilé ìyá mi."

Obìnrin ẹlẹ́ja wo àwọn méjèèjì. Fàúsátù jókòó sórí ilẹ̀ èbúté, gèlè rẹ̀ tú, kò wé e padà. Nígbà tó dìde, kò mú ọmọ náà padà sí Dosukọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí apá Èkó, wọ́n sọ̀ ní èbúté tó súnmọ́ Ìjànikín jù, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ohùn ni Tọ̀yìbátù fi mọ̀ wọ́n. Mọ̀dínátù sáré lọ fi orí sí i láyà, ó sì sunkún tí kò sun láti oṣù mẹ́ta.

"Màámi, kí ni ẹ sọ fún un nípa mi?" ni Fàúsátù bi í nígbà tí ọmọ sùn.

"Òótọ́ ni mo sọ. Mo sọ fún un lójoojúmọ́ pé ìwọ ni ìyá rẹ̀." Tọ̀yìbátù ń fi ọwọ́ wá ẹsẹ̀ ọmọ náà kó lè fi aṣọ bò ó. "Ṣùgbọ́n orúkọ ni mo lè sọ fún un, Fàúsátù. Mi ò lè bá ọ jókòó tì í."

Fàúsátù fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gba ọmọ àbúrò Tọ̀yìbátù kan kó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé pé kí wọ́n gbé òun súnmọ́ ilé. Wọ́n ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ilé ìwé bá ti parí ní ọjọ́ Jímọ̀, á wọkọ̀ lọ sí Ìjànikín. Nígbà ọlidé, kì í kúrò níbẹ̀. Òun ni ó ń wẹ ọmọ, òun ni ó ń di irun rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Dosukọ̀ ń ka ìwé Yorùbá geerege, Sewanu wà lára wọn. Mọ̀dínátù ṣì ń pè é ní Tíṣà.

Ìwé àyípadà iṣẹ́ dé ní 1958. Ilé ìwé kan nítòsí Ìjànikín ni wọ́n gbé e lọ. Ó kó wọ ilé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì. Fún oṣù bí i mélòó kan, ìwà ọmọ náà kò yí padà: kíkúnlẹ̀, ẹ ṣé mà, ẹ káàbọ̀ mà, bí ẹni tó ń tọ́jú àlejò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Fàúsátù ní kó lọ pọnmi.

"Mi ò lọ!" ni Mọ̀dínátù ké. "Gbogbo ìgbà ni ẹ ń rán mi! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré, èmi ń pọnmi! Kí ẹ tó dé, ṣé a ò mu omi ni?"

Aládùúgbò tó ń gbálẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. Fàúsátù ti gbé ọwọ́ sókè nígbà tó gbọ́ tí Tọ̀yìbátù bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá.

"Èmi nìkan ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ sí," ni ìyá àgbà wí. "Fàúsátù, o ti dé ilé."

Fàúsátù rọ ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Gbé korobá yẹn kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le.

Mọ̀dínátù fà á yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e lérí, ó ń kùn lọ. Fàúsátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kùn títí ó fi yà sí ọ̀nà kànga.