Ilẹ̀kùn Tí Kò Wọ Ọkọ̀ Kejì

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni àlejò ìjọba wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ wa ní Oloumi, ní ìlú Libreville. Mo rántí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Onílé-iṣẹ́ náà, ọmọ onílẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní pàtúrọ́ọ̀n bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ọ̀gá, wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, ó ń nu ọrùn. Òyìnbó Faransé tó jẹ́ ẹnjiníà wa dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, bàbá Nàgó láti Kétu tó kọ́ mi níṣẹ́ panẹ́bítà, iṣẹ́ kí á fi òòlù tún ara ọkọ̀ ṣe. Ìyàwó mi jókòó lórí àpótí pẹ̀lú oyún àkọ́bí wa, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń parí ìbòrí ìjókòó tó gbẹ̀yìn. Èmi náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni ayé mi máa bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́rin la tò sílẹ̀. Àwa la ṣe wọ́n. Bí àlejò náà bá gbà wọ́n, ìjọba á máa ra ọkọ̀ lọ́wọ́ wa fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á sì dúró. Bí kò bá gbà wọ́n, ọ̀gá mi kò ní ibi tí yóò padà sí, nítorí ó ti fi ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tí kò gbé Libreville nígbà owó epo lè má mọ bí ó ti rí. Owó ń jáde láti abẹ́ òkun bí omi ẹ̀rọ tí ẹnì kan gbàgbé láti tì. Wọ́n ń wó ilé tí kò tíì gbó, wọ́n ń kọ́ òmíràn sí ojú ibẹ̀. Gbogbo ẹni tówó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá ohun tí ẹnì kan kò tíì dá sílẹ̀ rí, pàtúrọ́ọ̀n tiwa sì ní mọ́tò ni tòun. Ó ní ìlú tó ní epo kò gbọdọ̀ máa da epo náà sínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo ń tún un sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Kí pàtúrọ́ọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní àdúgbò Derrière la Prison, abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Takisí tó bá kọlu òmíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, n kò mọ ìwé, n kò gbọ́ Faransé. Nàgó tirẹ̀ àti Yorùbá tèmi kò jọra tán, ṣùgbọ́n òòlù ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Ìgbà tí pàtúrọ́ọ̀n rí ọkọ̀ kan tó ti ṣubú sí kòtò, tí ọ̀gá mi sọ di bí ẹni pé kò ṣubú rí, ó gbá a léjìká.

Ó ní, "Pápá, àtúnṣe ti tó. Ẹ wá ṣe tuntun."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá mi ti fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, "Máa jẹ ẹ́ lọ, ọmọ mi. Èmi ò tún àjákù ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe mọ́." Èmi ni mo gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo ń wo àwọn tó kù níbẹ̀ tàánú-tàánú.

Ẹ́ńjìnnì àti táyà ń ti òkè òkun gba èbúté Owendo wọlé, ara ọkọ̀ ni tiwa. Ẹnjiníà sọ fún wa pé ẹ̀rọ ńlá kan ń bọ̀ tí yóò máa tẹ páànù bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì sínú agolo, tí ilẹ̀kùn ọgọ́rùn-ún á fi jọ ara wọn bí ìbejì. A ń retí ẹ̀rọ náà. Bí a bá bi pàtúrọ́ọ̀n, á ní, "Ó wà lórí omi." Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀rọ wà lórí omi. Ọkọ̀ wa kéré, ìdí rẹ̀ rí róbótó. Àwọn onítakisí Oloumi kì í kọjá kí wọ́n má dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀yin amọ̀kòkò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lọbẹ̀ á jinná?"

Ọ̀gá mi á dá wọn lóhùn láìgbójú sókè pé, "Ẹ lọ fọ abọ́ yín wá."

Nígbà tí ẹ̀rọ kò dé, òòlù la fi ṣe é. Ẹnjiníà gbẹ́ igi kan ní ìrísí ilẹ̀kùn, ó ní kí á máa fi wọn gbogbo ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi gbà á tọwọ́tọwọ́, ó gbé e ti ògiri, ibẹ̀ ló wà títí aláǹgbá fi ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń lò, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀. Bí ó bá ti gbé ilẹ̀kùn kọ́, á tì í, á tẹ́tí. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi òòlù kékeré rọra pa etí rẹ̀, á tún gbé e kọ́, á tún tì í. Bí ó ti máa ṣe é nìyẹn títí ilẹ̀kùn á fi dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pó, bí ẹni tó pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ tó ti parí. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀gá mi á ní, "Bí ìyàwó ni ilẹ̀kùn rí. Ilé ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Ìyàwó tèmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Télọ̀ ni, òun ni wọ́n gbé ìbòrí ìjókòó fún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé aṣọ tó ti gé wá bá mi.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ ná. Bébà kan náà ni mo fi gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ mu kò wọ ìkejì. Ṣé ọkọ̀ yín ń sanra ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní aṣọ kì í ṣe irin.

Ó ní, "N ò pè é nírin. Mo ní bí oníbàárà bá padà wá ra ìmíì, èwo ni màá gé fún un?"

Mo ní kó lọ jẹun. Bí ọlọgbọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rò pé mo sọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, àlejò kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ ẹ̀wù apá kúkúrú, kò sì gba ọtí tí pàtúrọ́ọ̀n bù fún un. Ó yí ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó tì í. Pó. Ó tún ṣí i, ó tún tì í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dára." Mo rí i tí èjìká pàtúrọ́ọ̀n rọ̀ sílẹ̀.

Àlejò náà wá nàka. "Ẹ yọ ilẹ̀kùn yìí. Ẹ gbé e kọ́ ìyẹn."

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Pàtúrọ́ọ̀n rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ tuntun ni, kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

Èmi ni mo yọ ọ́. Nígbà tí a gbé e kọ́ ọkọ̀ kejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ há, òkè rẹ̀ là débi pé ìka gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀gá mi nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó na ọwọ́ sí mi, mo fi òòlù kékeré sí i.

Ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀."

Ó wá ṣiṣẹ́. N kò rí i kí ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó pa etí ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò wò ó, ó tún un pa, òógùn ń kán sórí páànù. Àwa ọmọ-iṣẹ́ yí i ká, a ń fi ariwo kì í, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀!" Mo pàtẹ́wọ́. Bí mo bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn lónìí, ojú máa ń tì mí. Ìyàwó mi kò pàtẹ́wọ́. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ.

Ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn náà. Pó.

Ó nu ojú, ó yíjú sí àlejò. Mo fi Faransé mi tó ń tiro sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ìgbéraga, pé bàbá ní kò sí ilẹ̀kùn tí òun kò lè mú wọ ọkọ̀ láyé yìí.

Àlejò náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, bí a ti ń bọ àgbà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí pàtúrọ́ọ̀n.

Ó ní, "Bí awakọ̀ mi bá fi ilẹ̀kùn gbá igi ní ìlú Port-Gentil lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. N kò lè máa fi bàbá yìí ránṣẹ́."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Pàtúrọ́ọ̀n bọ́ kóòtù. "Pápá, ẹ ti pa mí. Bí ẹ bá ti dákẹ́, ǹ bá ti rí nǹkan sọ. Ẹ mú òòlù níṣojú rẹ̀!"

Ọ̀gá mi kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò wọlé ni?"

"Ó wọlé, bàbá."

"Kí ló wá ń bínú sí?"

Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ti géètì. Pàtúrọ́ọ̀n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé àwọn àjèjì ló tan òun, pé wọ́n ní àwọn mọ iṣẹ́. Ẹnu géètì yẹn ni ẹnjiníà ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi kí ó tó lọ. Ó ní kò sí ẹ̀rọ kankan lórí omi. Wọn kò rà á rí. Kò pẹ́ tí ọgbà náà fi kún fún ọkọ̀ òkè òkun tó ń dán, pàtúrọ́ọ̀n kan náà ló ń tà wọ́n. Àṣé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Ọ̀gá mi sùn sí Kétu. Ìyàwó mi náà ti lọ. Ó lè ti fi ọ̀rọ̀ aṣọ àti irin yẹn ṣe mí lẹ́sín títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì dá a sọ rí. Ohun tó ṣe ni pé ó tì mí lọ sí ilé-ìwé ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, kí n lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n. Ìbòrí ìjókòó tó gbẹ̀yìn kò dé orí ìjókòó kankan. Òun la fi tẹ́ ọmọ wa sílẹ̀ nígbà tó dé.

N kò bínú sí àlejò náà. Òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Libreville ìgbà náà, ẹlòmíràn ló jẹ, àwa la ru igbá. Wọ́n ní kí á fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ọwọ́ kò jọ ẹ̀rọ, wọ́n ní ọwọ́ náà ni kò dára. Mo ti gbìyànjú láti dárí jì wọ́n. N kò tíì rí i ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Sátidé yẹn, ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n gbà á. A lọ sí Derrière la Prison. Ọmọ-iṣẹ́ tó fa ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jókòó." Ó nu bẹ́ǹṣì fún un. Bẹ́ǹṣì oníbàárà ni. Ọ̀gá mi wo bẹ́ǹṣì náà díẹ̀, ó jókòó.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi wa ọkọ̀ òkè òkun dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá mi lọ sí ẹnu àpò. Ó ní, "Kò ní gba àkókò."

Ọkùnrin náà ní, "Rárá, Pápá, ẹ má fi òòlù kàn án." Ó fa páálí gbọọrọ kan jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Ilẹ̀kùn tuntun ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ-iṣẹ́ yọ ti àtijọ́, ó ní kí n wá bá òun di tuntun mú. Mo lọ. Mo dì í mú, ó ń de nọ́ọ̀tì. Nígbà tó parí, èmi ni mo tì í.

Ọ̀gá mi pè mí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ó wọlé?"

"Ó wọlé, bàbá."

Ó gbé àpò rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó fi okùn dì í lẹ́nu.