Dòdò Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgùdà, kò sí ọmọ kan nínú ilé wa tí ibà pọ́njú kò ṣe rí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di kó máa kárí yàrá. Ojú á pọ́n, orí á máa fọ́, ẹsẹ̀ á máa ro wá débi pé a ò ní lè nà án. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Surulere, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn àgbà wa, ọlọ́gbọ́n ayé, mọ ohun tó ń fà á: dòdò ni. Dòdò, àkàrà àti eré inú oòrùn. Wọ́n á gba òróró lẹ́nu wa, wọ́n á fún wa ní àgbo kíkorò, ẹni tó bá bì í á kúnlẹ̀, á nawọ́ sókè.

Yàrá ẹ̀yìn ni Bàbá Onílé ń kó gààrí tó ń tà sí, eku ibẹ̀ sì sanra ju àwa ọmọ lọ. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ìyá Bísí, ṣé kò séku nílùú yín ni?" Gbogbo ará ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi gọ́tà á gba yàrá yẹn wọ kọ́rídọ̀. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti fi abọ́ gbọ́n ọn, láìwọ bàtà, kí bàtà má baà bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé bàtà níyì ju ọmọ lọ!

Lọ́dún kan, ibà náà mú Wálé, àbúrò mi, tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fi dòdò dù ú. Ìgbà tí kò lè tọ̀ mọ́ ni Màmá gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé eku wà nílé yín?" Ó ní kòkòrò àrùn inú ìtọ̀ eku ló bá omi wọ ojú egbò, pé oògùn rẹ̀ wà ká ní wọ́n tètè gbé e wá. Wálé kú kílẹ̀ tó ṣú.

Bàbá Onílé wá kí wa. Ó mirí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ṣáà sọ pé kí ẹ má jẹ́ kó máa jẹ dòdò."

Wọ́n ní ayé ti là báyìí. Táìlì ti dé kọ́rídọ̀, àgbo ti di oògùn inú páálí. Síbẹ̀, bí ibà bá mú ọmọ lẹ́yìn àgbàrá, oògùn ibà ẹ̀fọn náà ni wọ́n ń sáré rà. Bí mo bá béèrè nípa eku, wọ́n á ní mo ti ń ṣàṣejù. Àwọn ẹgbẹ́ Wálé ti di bàbá ọlọ́mọ. Òun, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ṣì jẹ́.