Nóòtì Yorùbá Tí Mo Tì Pa

Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà ní Ìgàndò, èéfín ààtàn á wọlé, á sì bá wa jókòó ní pálọ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé, mo ti gbogbo fèrèsé pa, ooru sì mú wa bí ẹni pé inú ààrò la wà. Ìwọ tí a jọ ṣe tíṣà, o mọ̀ mí: n kì í fẹ́ kí ohunkóhun wọlé tọ̀ mí láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kì í fẹ́ kí ohun tèmi jáde.

O sì mọ ẹni tó sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa yá nóòtì Yorùbá mi, èyí tí mo fi ọdún méjìdínlógún kọ, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ti di ìwé lọ́jà, orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà níwájú rẹ̀. Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín: "Màdáàmù, ìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo." Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí ìmọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo tún nóòtì náà tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo dá ọgbọ́n kan. Mo ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, fọ́tò nìkan ni mo sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ń múra ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà kọ. Mo rò pé mo ti tì í pa.

Bàrúwà ni ọmọbìnrin náà ti wá, òun nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àrùn ti gba ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀. Yorùbá nìkan ló kù tó gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kí ilé ìwé àwọn olùkọ́ tó gbà á, ìdánwò sì ku oṣù méjì. Ó fọwọ́ pa fóònù rẹ̀, ohùn obìnrin kan nínú rẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún un geere. Ó wá ṣí nóòtì mi. "Àwòrán," ni ohùn náà wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yí ojú ìwé. "Àwòrán."

"Ẹ gbọ́ ọ, mà? Àwòrán ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tí ẹ tẹ̀ gan-an, kó lè rí i kà fún mi."

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"Tó o bá wá pa orúkọ mi rẹ́ lára ẹ̀ ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, mà! Orúkọ tí mi ò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ pa á rẹ́?"

Ó yẹ kí n bá a rẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní kó lọ wá ẹni tí yóò máa kà á sí i létí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí àwọn jọ ń gbé máa ń jáde ní kùtùkùtù, á sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé. Mo ní ìyẹn ò kàn mí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́ o! Ó fọwọ́ wá ilẹ̀kùn lára ògiri. N kò dìde.

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kí n tó rí ìwé igbákejì ọ̀gá lọ́dọ̀ òǹtàwé kan ní Ìkòtún. Ó ti tún un tẹ̀. Mo ṣí i: gbogbo ohun tí mo fi kún nóòtì lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ló wà níbẹ̀, títí kan oríkì ìyá tó bí mi, tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ti jókòó ti fọ́tò mi, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ là, kí ni ì bá dí i lọ́wọ́?

Ọjọ́ náà gan-an ni mo fi nóòtì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn, èyí tí mo tẹ̀ gan-an. Ohùn ló fi dá mi lóhùn: "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìdánwò ti kọjá o, mo feèlì. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ àwa mẹ́rin tí ò ríran la wà níbí, ṣé mo lè fún àwọn yòókù?"

Mo ní kó fún ẹni tó bá wù ú.

N kò dárí ji igbákejì ọ̀gá, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé mo fẹ́ dárí jì í. Olè ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣọ́ tí mo ń ṣọ́ nóòtì yẹn, kò dí olè náà lọ́wọ́ fún wákàtí kan. Ẹni tó wá tọrọ ní gbangba nìkan ló dí lọ́wọ́. Bí mo bá ń ròyìn bí wọ́n ṣe jà mí lólè nísinsìnyí, mo máa ń ròyìn ohun tí èmi náà ṣe mọ́ ọn, nítorí odidi ọdún kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.