Yàrá Ẹ̀yìn Bàbá Ó-Ṣì-Wúlò

Ọjọ́ tí Bàbá Ó-ṣì-wúlò sáré lé ọkọ̀ akólẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, àdúgbò ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ìyàwó rẹ̀ ló da àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan nù nígbà tí bàbá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Tòun ti ọṣẹ lójú ló já síta. "Ẹ dúró! Ó ṣì wúlò!" Nígbà tó máa padà dé, àga wà lórí rẹ̀, ìlẹ̀kùn onílé-onílé wà lábíyá rẹ̀, akólẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń bá a ru firíìjì tó ti kú bọ̀ lẹ́yìn.

Kò sóhun tí bàbá yìí ò kó jọ. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣe, á ní, "Ìkejì ẹ̀ ń bọ̀. Sùúrù ni ẹ ò ní."

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Fáràńdà ló ti ń ránṣọ, bí òjò ti ń pa á ni oòrùn ń pa á, torí ẹrù ò jẹ́ kó ráyè nínú ilé. Bó bá tọrọ yàrá ẹ̀yìn, bàbá á fọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ tó ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀ mú. "Yàrá ẹ̀yìn kẹ̀? Abẹ́rẹ́ gan-an ò ráyè já bọ́ síbẹ̀!"

Ikú kì í béèrè bóyá nǹkan ṣì wúlò. Ó mú bàbá lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí wọn obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wá palẹ̀ ilé mọ́, káfíńtà àdúgbò sì ń bá wọn kẹ́rù. Ìyá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì ta ilé náà.

"Ilé tí n ò rí ibi jókòó sí látọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́," ìyá ní, "kí ni n ó máa dá ṣe níbẹ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Wọ́n kó pálọ̀ tán, wọ́n kó yàrá tán, ó wá ku yàrá ẹ̀yìn. Àna ìyá fi aṣọ dimú, ó gbé ṣọ́bìrì dání. "Ẹ sún sẹ́yìn o! Bí mo bá ṣí i báyìí, ẹrù lè ya lù wá!"

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé.

Háà! Yàrá ṣófo! Gbogbo wọn ta gìrì bí ẹni rí òkú tó dìde. Ilẹ̀ mọ́ tóní-tóní. Wọ́n ti kun ògiri ní àwọ̀ ojú sánmà tí ìyá fẹ́ràn. Tábìlì ìgéṣọ gígùn kan dúró síbẹ̀, ó ga dé ìbàdí ìyá gẹ́lẹ́. Fèrèsé nìkan ni kò ní gíláàsì.

"Ta ló ṣe èyí?" ìyá béèrè.

Káfíńtà họrí. "Èmi àti bàbá ni, Màmá. Ìgbà tí ẹ bá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà la máa ń ṣe é. Wọ́n ní yàrá ìránṣọ yín ni, àmọ́ n ò gbọdọ̀ sọ títí a ó fi parí ẹ̀. Gíláàsì yẹn ló kù. Mo ní kí wọ́n ra tuntun, wọ́n bú mi bí ẹni ń láyin! Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ wá da èyí tó bá a mu nù."

"Gíláàsì!" Ìyá lọgun. "Ọkọ mi, torí gíláàsì!" Ẹ̀rín pa á, ó fọwọ́ ti ògiri, ẹ̀rín náà sì di omijé lójú rẹ̀.

Ó wọlé, ó na apá méjèèjì gbalaja, ó yí po. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan nǹkan kan.

"Màmá," ọmọ rẹ̀ rọra pè é, "ọkọ̀ ń dúró dè wá."

"Ẹ máa lọ, ọmọ mi," ìyá ní. "Èmi ti délé."