Rélùwéè Ẹlẹ́sẹ̀ Igi Gúáfà

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ "ojúlówó, láti ayé òyìnbó" sórí ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí mo bá rí i, ìfọ́tí ni n ó fi kí i. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi wá rélùwéè ìṣeré bàbá mi láàárín àwọn òpùrọ́ yẹn. Ọkùnrin kan ní Adégbàyí ta ọ̀kan fún mi, ó ní irin ni, ó ní ó ti dàgbà jù mí lọ. Ike ni! Ó kàn fi ọ̀dà dúdú kùn ún ni. Bàbá mi fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ta ló fi èyí tàn ọ́ jẹ?"

Rélùwéè ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Akínyẹlé. Nígbà tí ọ̀gá wọn òyìnbó ń lọ sílé, ó fún wọn ní rélùwéè kékeré onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sọnù. Bàbá mi fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn lára igi gúáfà, wọ́n fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún títí ó fi dúdú bí àwọn yòókù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo kó o mọ́ pàǹtí dànù nígbà tí a ń tún ilé ṣe. Ní báyìí tí ojú wọn kò ríran mọ́, wọn kò yéé béèrè rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó lọ.

Mo sì rí i. Obìnrin kan ló gbé e síta, pọ́líìṣì ti bó lára ẹsẹ̀ igi yẹn, ó hàn kedere nínú fọ́tò. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé àgbà oníṣọ̀nà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Iye tó pè é tó ra ọ̀kadà. Mo kà á fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ fún pé àwọn ni àgbà oníṣọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Ṣé owó ọ̀kadà ni n ó fi ra ohun tí a ní tẹ́lẹ̀? Bí mo bá sì sọ pé ti bàbá mi ni, ó di kó tún fowó lé e. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa níbí mọ̀ pé a kì í yin ọjà tá a fẹ́ rà, ńṣe là ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé: "Pàǹtí ni. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ló gé igi gúáfà jákujàku sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ máa gbà gan-an." Ẹnu mi dùn mọ́ mi. Ohun tí mò ń retí ni kó bú mi padà, kó wá dínwó, kí n fi díẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti yọ ọ́ kúrò. Mo pè é.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yẹn fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo rà á. Ojú tì mí gan-an. Mo ti tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ìkòkò tó ti jò."

"Ẹsẹ̀ igi yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn kì í ra igi. Wọ́n yọ ọ́, mo sì fi kún igi ìdáná."

Mo gbéra lọ sí Akínyẹlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ fún obìnrin náà. Mo fẹ́ fo ibì kan, wọ́n ní kí n kà á bó ṣe wà. Mo kà á dé "ẹni tí kò mọṣẹ́".

Wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ìka ọwọ́ wọn.

"O ná an dáadáa," ni wọ́n wí.