Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlélógójì

Ẹni tó bá fẹ́ dé abúlé ìyá mi, kó kọ́kọ́ bẹ orúnkún rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ ń já èèyàn sí. Àtẹ̀gùn òkúta ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló kù láti gùn. Àwọn ilé so mọ́ ara òkè, odò tín-ín-rín kan pín wọn sí Apá Òkè àti Apá Ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ òkúta fífọ́ ló kó èèyàn jọ síbẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. Nígbà tí ibi ìfọ́kúta kógbá wọlé, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wá ku ọmọ kan ṣoṣo. Ó gba ipò kìíní lọ́dún yẹn, òun náà ló gbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ń lọ kì í mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ dání. Aládùúgbò ló ń fún, kí onítọ̀hún máa bá a ṣí fèrèsé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọ̀rinrin ò ní pẹ́ jẹ ilé tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀. Aládùúgbò náà á tún lọ, á kó ti ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe dọ́wọ́ ìyá mi tó jẹ́ télọ̀. Ó fi ìṣó kọ́ wọn sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, mọ́kànlélógójì. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ta ló kù tó ń pè é?

Bàbá bíríkìlà kan ṣoṣo ló kù ní Apá Òkè, ìyá mi nìkan ló kù ní Apá Ìsàlẹ̀. Òun àti ìyá mi ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí odi tí bàbá náà mọ sétí odò, tó darí omi òjò gba ẹ̀yìnkùlé wa. Èèyàn méjì péré lórí òkè, wọ́n tún ń yan ara wọn lódì!

Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn, odindi ọ̀sán ló fi wà nílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé yóò kú síbẹ̀ láìsí ẹni tó máa mọ̀. Mo gòkè lọ mú un, mo fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀ ẹ́.

“Ó dáa, màá tẹ̀ lé ọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó kù ná.”

Inú mi dùn, mo ti gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó kó kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó mú ọ̀pá. Orí afárá la ti pàdé bíríkìlà, tòun ti báàgì léjìká.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá.”

Ìyá mi kọjú sí odò.

“Ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ojú mi ò ríran mọ́.” Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Ta ni mo tún ní? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa ṣí fèrèsé. Ti yàrá iwájú máa ń há, ẹ fi èjìká tì í díẹ̀.”

Mo mi orí sí ìyá mi. Kó kọ̀, kó ṣáà ti kọ̀! Ṣùgbọ́n ìyá mi ò kọ kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó gbà á.

“Ẹ rọra o,” ó ní fún un. “Àtẹ̀gùn ń yọ̀.”

Mo bú sẹ́kún. “Màmá, èmi ńkọ́?”

“Ilé tìẹ, èèyàn wà níbẹ̀,” ó ní. “Gba báàgì lọ́wọ́ bàbá.”

Àpótí ìyá mi ni mo wá rù. Báàgì bíríkìlà ni mo rù sọ̀ kalẹ̀, mò ń bínú sí àwọn méjèèjì. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, bàbá náà yíjú sókè, ó ń ṣẹ́jú.

“Kí lo rí?” ó bi mí.

“Fèrèsé yàrá iwájú yín,” mo ní. “Ó ti ṣí.”